Ìtàn Ìgbésí Ayé Abraham Trembley, Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Kéékèèké

Nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké láti kọ́ wọn nípa àwọn ohun abẹ̀mí tí Ọlọ́run dá, ohun tí a máa ń fi yé wọn ṣáájú ni pé ọ̀nà méjì ni a pín wọn sí: ewéko ní apá kan, ẹranko ní apá kejì. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣòro fún ọmọ kankan. Ọmọ àgbẹ̀ mọ̀ pé bí a bá gé iṣu sí ẹ̀bù mẹ́rin tí a sì gbìn wọ́n, ẹ̀bù kọ̀ọ̀kan yóò hù, yóò sì ta iṣu. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi ẹ̀gẹ́ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ewúrẹ́ sí méjì, ẹran ìkòkò ọbẹ̀ ni ó dà, kò tún lè di ewúrẹ́ méjì láéláé. Ìlànà yìí rọrùn, ó sì dára. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín gba ìlànà náà gbọ́ gẹ́gẹ́ bí àwa ti gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ kan ó mú àlùmọ́gàjí, ó fi dán ìlànà náà wò lára ẹ̀dá tíntínní kan tí ń gbé inú omi, ohun tí ó sì rí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù.

Orúkọ rẹ̀ ni Abraham Trembley. Gbogbo ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi ni ó mọ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi yàn án fún ìwé wa yìí ni pé, nígbà tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Olùkọ́ ọmọ kéékèèké méjì ni.

A bí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1710 ní ìlú Geneva, ìlú kan náà tí àwa tí a ti ka ìtàn Ìjọ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùjókòó John Calvin. Ilẹ̀ Faransé ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣí wá síbẹ̀ nítorí inúnibíni tí a ń ṣe sí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Nígbà tí a ó fi bí Abraham, ìdílé náà ti fìdí múlẹ̀, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe àkóso ìlú. Abraham kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò dé ibi tí ó jinlẹ̀, ó sì ṣe àṣeyọrí nínú rẹ̀ ní ọdún 1731. Ṣùgbọ́n ìjà àkóso wà nínú ìlú Geneva ní àkókò náà, ìjà yìí sì ni ó gba ipò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ níkẹyìn. Ọmọkùnrin náà ní láti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1733, ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Hólàńdì, níbi tí àwọn ọlọ́lá ti ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ìwé tí ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run láti máa kọ́ ọmọ wọn nínú ilé.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó bọ́ sí ilé ìjòyè ńlá kan tí ń jẹ́ Willem Bentinck. Ìjòyè yìí ní ilé kan lẹ́yìn ìlú The Hague, tí kò jìnnà sí òkun. Sorgvliet ni a ń pe ilé náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé àníyàn sá lọ. Ọgbà rẹ̀ tóbi, ó lẹ́wà, adágún àti kòtò omi sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àníyàn kò sá kúrò nínú ilé náà ní tòótọ́, nítorí pé ní ọdún 1740 ìgbéyàwó ìjòyè náà tú ká, ìyàwó rẹ̀ sì lọ. Ó ku àwọn ọmọkùnrin méjì, Antoine tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, àti Jean tí ó jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Trembley ni a fi wọ́n lé lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àlejò ní ilẹ̀ àjèjì, tí a fi ọmọ kéékèèké méjì tí ìyá wọn ti lọ sí abẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe kọ́ wọn?

Kò jókòó tì wọ́n pẹ̀lú pàṣán. Ó ti ń ka àwọn ìwé tí Réaumur, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, kọ lórí àwọn kòkòrò, ó sì rí i pé ọmọ kékeré a máa fẹ́ràn ohun tí ń rìn ju ohun tí a kọ sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó máa ń kó wọn lọ sí inú ọgbà, wọn a máa wá kòkòrò abẹ́ ewé, wọn a máa bu omi adágún sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, wọn a sì gbé e sí ojú fèrèsé láti máa wo ohun tí yóò jáde. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé eré ni èyí, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Láti inú eré yìí ni gbogbo ohun tí ó kù nínú ìtàn yìí ti jáde wá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1740, Trembley bu omi láti inú kòtò kan nínú ọgbà náà pẹ̀lú àwọn ewé inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba Dùgbẹ̀ lọ sí ìhà adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí a fi odò Ọnà dí ní ọdún 1942, tí ó sì ti rí ojú oró àti òṣíbàtà lójú omi dídúró, ti mọ irú ibi tí mo ń sọ. Lára àwọn ewé náà ni ó rí ohun kan tí ó ní àwọ̀ ewé, tí gígùn rẹ̀ kò ju ìdajì èékánná lọ. Ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ewé, òkè rẹ̀ sì ní fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí ó nà káàkiri. Ó rò pé ewéko ni, tí ń hù lára ewéko mìíràn gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́ ti ń hù lára igi obì. Àwọn tí ó pè wá wò ó sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Lẹ́yìn náà ó rí i pé àwọn fọ́nrán náà ń mì. Ó kọ́kọ́ sọ nínú ara rẹ̀ pé omi ni ó ń mì wọ́n. Ó mi ìgò náà díẹ̀ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, lójijì gbogbo wọn sì súnkì, wọ́n di hóró kékeré bí irúgbìn. Nígbà tí omi dákẹ́, wọ́n tún na ara wọn jáde. Ẹlòmíràn ìbá ti kígbe pé ẹranko ni. Trembley kò kánjú. Ó rántí ewéko tí í pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án, èyí tí àwa ń pè ní patanmọ́. Bí ó tilẹ̀ ń súnkì, ewéko ni. Nítorí náà ó tún dúró, ó ń wò.

Ó wá rí i pé wọ́n ń rìn. Ìrìn wọn kò yá. Wọn a tẹ orí ba ilẹ̀, wọn a fa ìdí mọ́ ọn, wọn a sì tún na orí síwájú, gẹ́gẹ́ bí eṣúṣú ti ń rìn. Nígbà mìíràn wọn a tàkìtì. Ó kíyè sí i pé apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ inú ìgò ni púpọ̀ wọn ń kó ara wọn jọ sí. Ó yí ìgò náà padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n tún ti kó ara wọn lọ sí ibi ìmọ́lẹ̀. Ó fi páálí yí ìgò ká, ó lu ihò kan ṣoṣo sí i. Níwájú ihò náà ni wọ́n péjọ sí. Wọn kò ní ojú, síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ balẹ̀ pé ẹranko ni, ohun kan tún dà á láàmú. Iye apá wọn kò dọ́gba. Òmíràn ní mẹ́fà, òmíràn mẹ́jọ, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ gbogbo ni ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, aláǹtakùn gbogbo ni ó ní mẹ́jọ. Igi nìkan ni a kì í ka ẹ̀ka rẹ̀ kí a tó mọ irú igi tí í ṣe. Nígbà náà ni ó rántí ìlànà ẹ̀bù iṣu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí iṣu rí ní ayé rẹ̀. Bí a bá gé e sí méjì tí àwọn méjèèjì sì yè, ewéko ni. Bí wọ́n bá kú, ẹranko ni.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1740, ó gé ọ̀kan ní ìdábùú, ó sì fi àwọn abala méjèèjì sínú omi. Abala tí ó ní orí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọjọ́ náà gan-an, èyí kò sì yà á lẹ́nu. Abala ìdí ni ó ń ṣọ́. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó rí àwọn ṣónṣó kéékèèké tí ń yọ níbi tí ó ti gé e. Àwọn ṣónṣó náà gùn, wọ́n di apá, ẹnu là láàárín wọn, abala ìdí náà sì di odindi ẹ̀dá tí ń rìn tí ó sì ń jẹun bí èkejì rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀, ewéko ni ó yẹ kí ó pè é. Ṣùgbọ́n ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i tí ẹ̀dá yìí ń na apá mú kòkòrò omi wẹ́wẹ́, tí ó sì ń tì wọ́n sí ẹnu, tí ó ń gbé wọn mì, tí ó sì ń da ìdọ̀tí wọn. Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ọ̀nà méjì tí ó rọrùn wà níwájú rẹ̀: ó lè fi orí mọ́ ìlànà, kí ó sì gbàgbé ohun tí ó rí, tàbí kí ó gbàgbé ìlànà, kí ó sì dákẹ́ nípa àlùmọ́gàjí. Kò tọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó kọ ohun gbogbo sílẹ̀ bí ó ti rí, ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú iyè méjì tí ó ní, ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Réaumur ní Párísì nínú oṣù kejìlá ọdún náà.

Réaumur fẹ́ rí i kí ó tó gbà á gbọ́. Àwọn tí Trembley kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kú sọ́nà, nítorí pé ẹnu ìgò wọn ni a fi ìda dí pinpin. Ó tún fi òmíràn ránṣẹ́, àwọn wọ̀nyí sì dé láàyè ní oṣù kẹta ọdún 1741. Réaumur gé wọn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí ohun tí Trembley rí, ó sì mú ọ̀ràn náà tọ Ilé Ẹgbẹ́ àwọn Ọ̀mọ̀wé ní Párísì lọ. Ó sọ pé ẹranko ni, ó sì bá a wá orúkọ: pólípù, nítorí pé apá rẹ̀ jọ ti ẹ̀dá òkun kan tí ó ní apá mẹ́jọ, tí àwọn ará àtijọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé Trembley kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí i. Leeuwenhoek, ará Hólàńdì tí ó mọ awò ṣe, ti rí i ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, ó tilẹ̀ ti rí i tí ọmọ ń yọ lára ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bi í ní ìbéèrè tí Trembley bi í.

Ìròyìn náà tàn káàkiri Yúróòpù. Àwọn amòye dá ìjà sílẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí ó wọ́n lọ́kàn wà nínú rẹ̀. Bí ẹranko bá ní ẹ̀mí kan ṣoṣo, kí ni ó dé bá ẹ̀mí náà nígbà tí àlùmọ́gàjí kọjá láàárín rẹ̀? Ṣé a gé ẹ̀mí pẹ̀lú ni, tàbí méjì ni ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Àwọn aláìgbàgbọ́ mú un, wọ́n ní ó fi hàn pé kò sí ohun tí ń jẹ́ ọkàn, pé ẹ̀rọ lásán ni ohun abẹ̀mí gbogbo. Charles Bonnet, ìbátan Trembley ní Geneva, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé àti onígbàgbọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀ràn náà. Trembley pàápàá jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́, ṣùgbọ́n kò bọ́ sínú ìjà yìí. Ó kà á sí pé ohun tí Ọlọ́run ṣe ni òun ń wò, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún Un bí ó ti yẹ kí Ó ṣe é.

Dípò ìjà, ó ń fi pólípù ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, pẹ̀lú àlàyé bí a ti ń bọ́ wọn àti bí a ti ń gé wọn, kí olúkúlùkù lè rí i fúnra rẹ̀. Ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó la orí ọ̀kan sí ọ̀nà púpọ̀, títí ó fi ní ẹ̀dá tí ó ní orí méje, orí kọ̀ọ̀kan sì ń jẹun. Ó gé àwọn orí náà, òmíràn sì hù rọ́pò wọn. Èyí ni ó mú kí a rántí ejò olórí púpọ̀ inú ìtàn àwọn Gíríìkì, tí orí rẹ̀ ń di méjì bí a bá bẹ́ ẹ, tí orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Hydra. Orúkọ yìí ni Linnaeus, ará Swídìn, fi pe pólípù náà nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti ọdún 1758, òun ni a sì ń pè é títí di òní. Trembley tún so abala pólípù kan mọ́ ti òmíràn, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Èyí tí ó ṣòro jù ni pé ó yí wọn síta bí a ti ń yí ìbọ̀sẹ̀ síta. Yóò gbé pólípù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀kán omi, yóò fi ekòló bọ́ ọ kí ikùn rẹ̀ lè tóbi, lẹ́yìn náà yóò fi irun ẹlẹ́dẹ̀ líle ti ìdí rẹ̀ gba ẹnu jáde. Wọ́n sì yè. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti fi òwú wọ abẹ́rẹ́ nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n yóò mọ irú sùúrù tí èyí gbà.

Ní ọdún 1743, ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù gbà á wọlé, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ní ọdún 1744, ìwé rẹ̀ lórí àwọn pólípù inú omi tútù jáde ní ìlú Leiden ní èdè Faransé, pẹ̀lú àwọn àwòrán tí Pierre Lyonet, agbẹjọ́rò kan ní The Hague, yà. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò fín wọn sí ara bàbà bí ó ti tọ́, Lyonet kọ́ iṣẹ́ fínfín fúnra rẹ̀, ó sì parí èyí tí ó kù.

Nísisìyí mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí pólípù kékeré yìí ṣe sí ètò tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń to àwọn ẹ̀dá ní ìdílé-ìdílé, nítorí pé ọ̀ràn náà kan ohun tí ó wà lọ́rùn àwọn ọba wa. Iyùn pupa tí àwa mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọlá, inú òkun tí ó wà láàárín Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà ni a ti ń wá a. Ó ní ẹ̀ka bí igi, a sì máa ń rí ohun funfun tí ó dàbí òdòdó lára rẹ̀ nígbà tí ó bá wà nínú omi. Nítorí náà gbogbo ayé gbà pé ewéko òkun ni. Dókítà kan ará Marseille, Jean-André Peyssonnel, lọ sí etí òkun àríwá Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1725. Ó fi iyùn tútù sínú omi òkun, ó ṣọ́ ọ, ó sì rí i pé ohun tí a ń pè ní òdòdó ń ṣí, ó ń pa dé, ó sì jẹ́ ẹranko kékeré. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Párísì. Réaumur kan náà yìí ni ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí etí àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1727, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ kí a má bàa fi í ṣe ẹlẹ́yà, òun fúnra rẹ̀ sì ta kò ó. Peyssonnel lọ sí erékùṣù Guadeloupe, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀.

Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ fún mi nígbà tí mo kà á. Ọdún mẹ́rìnlá ni òtítọ́ ọkùnrin náà fi wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tí pólípù Trembley ti dé Párísì ni Bernard de Jussieu lọ sí etí òkun Normandy láti wo àwọn ohun tí ó dàbí ewéko òkun, ó sì rí pólípù nínú wọn. Ní ọdún 1742, Réaumur jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé Peyssonnel ni ó tọ̀nà, ó sì dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Lẹ́yìn èyí ni John Ellis, oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, dé. Ó ń to ewéko òkun sí orí ìwé bí àwòrán fún ẹwà ilé ni, títí ó fi fi awò wo àwọn kan dáradára, ó sì rí i pé ilé àìmọye pólípù ni wọ́n, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn bí ẹ̀ka igi. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1755. Linnaeus pàápàá kò lè gbà á tán. Ó fi wọ́n sí àárín ewéko àti ẹranko, bí àdán inú ìtàn tí kì í ṣe eku tí kì í ṣe ẹyẹ. Ellis kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó bá a jiyàn nínú lẹ́tà fún ọdún púpọ̀ pé odindi ẹranko ni wọ́n.

Ìtò náà kò sì dúró sójú kan. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá tí Trembley rí ní ọdún 1741, tí apá rẹ̀ pọ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, tí òun náà sì pè ní pólípù, ni a yọ kúrò nínú ìdílé náà ní nǹkan bí ọdún 1830, nítorí pé inú rẹ̀ ní ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé àti òmíràn tí ìdọ̀tí ń gbà jáde, nígbà tí Hydra ní ẹnu kan ṣoṣo fún méjèèjì. Ní ọdún 1842, Steenstrup ará Denmark fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn pólípù òkun ni ó ń bí ẹ̀dá rọ̀bọ̀tọ̀ tí ó mọ́ gaara, tí ń wẹ̀ kiri bí agboorun, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní jellyfish, àti pé ọmọ jellyfish náà ni ó tún ń padà di pólípù. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kọ ìyá sí ìdílé kan tí wọ́n sì ń kọ ọmọ sí òmíràn, bí ẹni tí kò mọ̀ pé ohun onírù tí ń wẹ̀ nínú omi ni yóò di ọ̀pọ̀lọ́. Lónìí, Hydra, iyùn àti jellyfish wà nínú ìdílé ńlá kan tí a ń pè ní Cnidaria, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí èsìsì, nítorí pé gbogbo wọn ni ó ní ohun kéékèèké lára tí í ta ẹran tí wọ́n bá fẹ́ mú bí èsìsì ti í jó ni lára. Ẹ̀ka tí Hydra wà nínú rẹ̀ ni Hydrozoa, irú ẹ̀dá tí a sì ti kà nínú ẹ̀ka náà ju 3,000 lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀ràn àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ní ọdún 1903, J. S. Budgett láti Cambridge wá sí odò Ọya láti wá ẹyin ẹja kan, ó sì rí jellyfish kékeré nínú omi náà, omi tútù tí kò ní iyọ̀. Limnocnida ni orúkọ rẹ̀, irú èyí tí a ti rí tẹ́lẹ̀ nínú adágún Tanganyika, inú Hydrozoa ni ó sì wà. Budgett kú ní oṣù kìíní ọdún 1904 nítorí ibà tí ó kó ní Áfíríkà; E. T. Browne ni ó kọ̀wé nípa ẹ̀dá náà ní ọdún 1906.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Trembley. Ó fi ilé Bentinck sílẹ̀ ní ọdún 1747. Ó bá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀ràn àlàáfíà, wọ́n sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí Duke ti Richmond kú ní ọdún 1750, a fi ọmọ rẹ̀ tí ó jogún oyè lé Trembley lọ́wọ́, ó sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà rìn káàkiri Yúróòpù fún ọdún mélòó kan, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ti ń lọ. Ní ọdún 1757 ó padà sí Geneva, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó sì bí ọmọ márùn-ún.

Àwọn kan tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ ń kẹ́dùn pé lẹ́yìn ìwé ti ọdún 1744 kò tún ṣe ohun ńlá mọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú omi, pé ó fi ọgbọ́n rẹ̀ ṣòfò lórí ọmọ kíkọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe nígbà tí ó rí pólípù, iṣẹ́ olùkọ́ náà ni ó sì padà sí. Àwọn ìwé tí ó kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ọmọ. Èyí tí ó jáde ní ọdún 1775 jẹ́ ìtọ́ni bàbá fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa àwọn iṣẹ́ inú ayé àti nípa ìgbàgbọ́.

Ó kú ní Geneva ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1784, ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn pólípù wà ní èdè Faransé fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1986 ni Sylvia Lenhoff àti Howard Lenhoff tó tú odindi rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀kan lára àwọn àwòrán inú ìwé náà, olùkọ́ náà wà nínú yàrá rẹ̀ ní Sorgvliet pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì, àwọn ìgò omi sì wà lójú fèrèsé.